Ọjọ́ Mẹ́rin ní Ajàṣẹ́

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Ajàṣẹ́, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́nu ìyá mi. Pópó Àgùdà ní erékùṣù Èkó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí èmi sí, inú ilé wa sì kún fún ìtàn àwọn ẹbí tí ọ̀sà pín níyà: àwọn kan dúró sí Èkó, àwọn kan kọjá sí Àgbádárìgì, àwọn kan sì fìdí kalẹ̀ sí Ajàṣẹ́. Nígbà tí mo dàgbà, iṣẹ́ a máa gbé mi lọ sí Kútọnu léraléra, ṣùgbọ́n ọ̀nà etí òkun ni ọkọ̀ wa máa ń gbà, n kò sì yà sí Ajàṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin, mo sọ fún ìyá mi pé mo ń lọ wo ìlú tí ó ti ń ròyìn fún mi láti ìgbà èwe mi, ohun kan ṣoṣo tí ó sì fi dá mi lóhùn ni pé kí n bá òun wo bí ẹ̀kọ wọn ṣe rí. Ìyá mi kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá lè sẹ́ ògì dáadáa, kò sí iṣẹ́ mìíràn tí ènìyàn lè fi lé e lọ́wọ́ kí ọkàn ẹni sì balẹ̀.

Ìlànà kan wà tí mo máa ń tẹ̀ lé bí mo bá dé ìlú tí n kò mọ̀. N kì í kọ́kọ́ béèrè ibi tí àwọn àlejò ń lọ wò. Ibi tí àwọn onílé ti ń jẹun àárọ̀ ni mo máa ń wá, n óò gba ìjókòó níbẹ̀, n óò sì máa wo ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, n óò wá ibi tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sí láìsan kọ́bọ̀: ojúde, abẹ́ igi, iwájú mọ́ṣáláṣí, etí omi. Ibi méjèèjì yìí ni mo ti máa ń mọ ẹni tó ni ìlú, ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀, àti ẹni tí wọ́n máa ń sún fún kí ó lè rí ibi jókòó.

Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ni mo yàn dípò ti Sèmè ní etí òkun. A gba Ọ̀tà, a gba Òwódé, nígbà tí ó sì di ọ̀sán a ti dé ibodè. Mo ṣẹ́ náírà mi sí sẹ́fà lọ́wọ́ obìnrin kan tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn, mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá sí Ìgòlò ní ìhà Benin, mo sì gun alùpùpù ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ìyẹn àwọn tí à ń pè ní ọlọ́kadà ní tiwa. Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn ni pé èdè kò yí padà ní ibodè. Owó yí padà, àkọlé ara ògiri di Faransé, bẹntiróòlù inú ìgò tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá títì, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọlọ́kadà náà ń bá mi sọ, Yorùbá ni obìnrin tó ta omi fún wa ń sọ, àfi ìgbà tí a sún mọ́ Ajàṣẹ́ gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè Ègùn tó ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ọ̀sà ṣe máa ń wọ inú omi odò.

Ìlú náà kò ní orúkọ kan ṣoṣo. Ajàṣẹ́ ni àwa Yorùbá ń pè é, Hógbónù ni àwọn Ègùn ń pè é, Porto-Novo ni orúkọ tí àwọn oníṣòwò Pọtogí fún un ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, òun náà ni ìjọba sì kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba àti òwò ńlá wà. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ìtàn àwọn ọdẹ mẹ́ta, ọmọ Yorùbá, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọ́n sì rí abàmì ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án tó yọ láti inú ilẹ̀, tí wọ́n wá ń bọ ọ́. Ojúbọ rẹ̀ ṣì wà ní àdúgbò Accron, Avessan ni àwọn Ègùn sì ń pè é. Ẹni tó bá tẹ́tí sí orúkọ náà dáadáa lè gbọ́ mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Tè-Agdanlin, ọmọ ọba láti Àlàdá, dé tí ó sì fi ìjọba tirẹ̀ lélẹ̀. Mo mọ ìtàn yìí kí n tó lọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí àwọn tó ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń gbé pọ̀ lójoojúmọ́, oúnjẹ ló sì fi ìyẹn hàn mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo méje tó lù, mo jáde kúrò ní ilé tí mo wọ̀ sí nítòsí ọjà ńlá, mo sì ń tẹ̀ lé òórùn lọ. Ní orígun títì kan, ìyá àgbàlagbà kan tí yóò ti tó ẹni àádọ́rin ọdún jókòó lẹ́yìn agbada rẹ̀, àga onígi gígùn méjì sì wà níwájú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn jókòó lé lórí ní èjìká kan èjìká: ọmọ ilé-ìwé méjì tó wọ aṣọ kákí, bíríkìlà kan, obìnrin kan tó pọn ọmọ, àti ọkùnrin kan tó ti múra iṣẹ́ ọ́fíìsì. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ ń ta àkàrà yín?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí. "Ọmọ Èkó ni ọ́."

"Báwo ni ẹ ṣe mọ̀, Ìyá?"

"Ẹ̀yin ni ẹ máa ń béèrè iye kí ẹ tó jókòó. Jókòó ná, ọmọ mi."

Bíríkìlà náà sún, mo sì jókòó. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ ìyá náà. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì ti lọ̀ wà nínú abọ́ ńlá kan láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbo ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó ń gbo ó lọ sí apá kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró, títí tí ó fi wú tí àwọ̀ rẹ̀ sì túbọ̀ funfun. Ó mú èyí tó tó orí ìka, ó jù ú sínú ife omi. Nígbà tí ó léfòó, ó mi orí, ìgbà yẹn ni ó tó bu iyọ̀ sí i. Mo béèrè ìdí tí kò fi bu iyọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní iyọ̀ tó bá tètè wọlé a máa fà á wálẹ̀, àkàrà náà yóò sì le. Òróró ẹ̀pà ni ó fi ń dín in, òórùn rẹ̀ sì mú mi rántí kúlíkúlí. Ó ń fi ìka mẹ́ta ṣù ú sínú òróró, kò sì jẹ́ kí èyí tó ń bọ̀ fara kan èyí tó ti wà níbẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti pọ́n, àkàrà náà a yí ara rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án. N kò rí irú èyí rí. Ìyá mi àgbà a máa fi ṣíbí yí tirẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo bá lọ sí Ajàṣẹ́. Obìnrin tó pọn ọmọ ní kí wọ́n fún òun ní ata, nítorí ata ni Ègùn ń pe àkàrà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé béèrè beignet, gẹ́gẹ́ bí Faransé ṣe ń pè é. Èmi àti ọkùnrin ọ́fíìsì náà ní àkàrà. Inú agbada kan náà ni ó ti ń kó gbogbo rẹ̀, ó ń dá olúkúlùkù lóhùn ní èdè tí ó fi béèrè, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó tún orúkọ ṣe fún ẹnì kejì rẹ̀. Mo ti gbé ní ìlú tí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé ti máa ń di ìjà láàárín àwọn aládùúgbò, nítorí náà ìjókòó orí àga náà wọ̀ mí lára ju bí mo ti lè sọ lọ. N kò sọ pé ìjà kò sí ní Ajàṣẹ́. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ, mo sì rí i fún òwúrọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra.

Aklui ni ó fi sin àkàrà náà fún mi, ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ti fi ọwọ́ yí ògì rẹ̀ di hóró wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó sè é. Bí ẹni bá mu ún, omi rẹ̀ a kọ́kọ́ wọlé, àwọn hóró náà a sì dúró lórí ahọ́n bí ẹyin ẹja. Ìyá náà fi ṣúgà sí i láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo bi í bóyá ó ní ẹ̀kọ, ó sì na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n fi aṣọ bò: àkàsà ni ẹ ń wí, ó ní, ó tún wà níbí. Ó jẹ́ ẹ̀kọ wa gan-an, inú ewé ni wọ́n pọ́n ọn sí, ṣùgbọ́n ó fẹ̀, ó rọ̀, ó sì kan díẹ̀ ju ti Èkó lọ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Kò sí èérí kankan nínú rẹ̀.

Láti ibẹ̀ mo rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà nítòsí ọjà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìṣọ́ méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, òdòdó alámọ̀ àti ọnà roboto kún ojú rẹ̀, oríṣiríṣi ọ̀dà ni wọ́n sì fi kùn ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù. Ọdún 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, ìyẹn àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wá sí etíkun, iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n sì kọ́ lára ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọn yóò ti máa kírun. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú dìde ní Bahia ní oṣù Kíní ọdún 1835, tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ padà sílé. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀ ní Èkó, àwọn kan ní Àgbádárìgì, àwọn kan ní Ajàṣẹ́ àti Wídà. Èmi tí mo ń wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey láti ìgbà èwe mi, èyí tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894, mo dúró níwájú ti Ajàṣẹ́ yìí bí ẹni tó pàdé àbúrò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Ọwọ́ kan náà ni. Mọ́ṣáláṣí tuntun tó tóbi jù ú lọ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kírun nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ìbòòji ti àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ṣì ń jókòó sí.

Èmi náà jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán, mo ra ẹja díndín lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó gbé igbá kiri, ó sì da moyo lé e lórí fún mi: tòmátì tútù, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, tí wọ́n sì ta òróró díẹ̀ sí. Ojú ẹni a là bí ó bá kan ahọ́n. Bàbá kan tó jókòó tì mí lórí pèpéle bi mí bóyá a ní moyo ní Èkó. Orúkọ ìdílé Pọtogí ni ó ń jẹ́, irú èyí tí mo mọ̀ dáadáa lára ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò wa.

"A kò ní in, Bàbá. Fùréjọ̀n ni a ní, ti ọjọ́ Ẹtì Rere."

"Ẹ̀wà àti omi àgbọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ̀wà àti omi àgbọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu orúnkún rẹ̀. Ó ní moyo náà, Brazil ni ó ti wá, pé ọ̀rọ̀ tí àwọn Pọtogí fi ń pe ọbẹ̀, molho, ni ẹnu àwọn baba ńlá òun sọ di moyo, àti pé bí mo bá lè padà wá ní oṣù Kíní, nígbà ọdún Bonfim, èmi yóò rí àwọn Àgùdà Ajàṣẹ́ tí wọ́n ń gbé eré ìbòjú wọn jáde sí ìgboro, èmi yóò sì jẹ ẹ̀wà ẹlẹ́ran wọn. A jókòó pẹ́. Mo sọ fún un nípa ilé Ilójó tó wà ní Tinúubú ní Èkó, èyí tí ìdílé Àgùdà kan kọ́ ní ọdún 1855, tí ìjọba kéde ní ọdún 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, tí wọ́n sì wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ọjọ́ kejì tí wọ́n wó o ni mo dé ibẹ̀. Mo rí àwọn òdòdó alámọ̀ tó fọ́ wẹ́wẹ́ nínú iyanrìn, mo ṣa ọ̀kan, ó wà lórí tábìlì mi títí di òní. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ilé alájà kan ní òdìkejì títì, tí fèrèsé rẹ̀ ti já, tí igi sì ti hù lára ògiri rẹ̀, ó ní, "Ìyẹn náà ń dúró de òjò kan." Amọ̀ pupa ni inú ògiri àwọn ilé wọ̀nyẹn, bí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ara wọn bá ti ṣí sílẹ̀, òjò ni yóò máa gbé wọn lọ ní díẹ̀díẹ̀. Mo ka mẹ́jọ tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kí n tó padà sí ilé tí mo wọ̀ sí, ó sì ká mi lára gidigidi.

Àwọn gbàgede tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fà mí mọ́ra. Gbàgede Jean Bayol, tí wọ́n fi orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn pè, fẹ̀, ó mọ́, ère ọba wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán gba gbogbo rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta péré ni mo sì rí níbẹ̀, wọ́n ń kọjá lọ ni. Ọgbà tó wà nítòsí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igbó mímọ́ àwọn ọba ni tẹ́lẹ̀ kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà ewéko, àwọn igi ńlá inú rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ooru ìgboro kì í dé ìsàlẹ̀ wọn. Wọ́n ń gba owó díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Mo san án, mo sì sùn lọ lórí àga kan fún wákàtí kan.

Ojúde àwọn ìdílé ni ó gba ọkàn mi pátápátá. Nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ Ajàṣẹ́, ọ̀nà tóóró kan yóò gbé ẹni lọ láàárín ògiri méjì, lójijì ni yóò sì ṣí sí ojúde kan tí àwọn ilé ìdílé kan náà yí ká, tí ojúbọ vodun wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí igi ńlá sì wà láàárín. Ní ọ̀kan nínú wọn, ìrókò ni igi náà. Lókò ni Ègùn ń pè é, wọ́n sì wé aṣọ funfun mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo gba Ìdí-Ìrókò wọ ìlú, mo tún wá bá ara mi ní ìdí ìrókò. Láti bí ọdún mélòó kan wá ni àwọn ìdílé àti àwọn ayàwòrán, pẹ̀lú ilé àṣà kan tó ń jẹ́ Ouadada, ti ń tún irú àwọn ojúde bẹ́ẹ̀ ṣe: wọ́n tẹ́ òkúta sílẹ̀, wọ́n ṣe ìjókòó yí igi ká, wọ́n ya àwòrán sára ògiri ojúbọ. Kò sí odi, kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ilé ni mo wọ̀. Mo dúró ní etí rẹ̀, mo kí ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, mo sì béèrè bóyá mo lè jókòó. Kò gbọ́ Yorùbá mi dáadáa, èmi náà kò sì gbọ́ Ègùn, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó gbé àtẹ náà sí àárín wa.

Mo bá a ṣa ẹ̀wà fún nǹkan bí wákàtí kan. Òkúta sí ọ̀tún, ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ sí òsì, èyí tó dára wà láàárín. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìdí ìrókò náà, wọn kò sì gbá a kọjá ìlà kan níwájú ojúbọ tí ojú mi kò rí ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn mọ̀. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde sábẹ́ ìbòòji. Ẹni tó ń ta dòkò òyìnbó gba ibẹ̀ kọjá, yovo doko ni wọ́n ń pè é, ó jọ pọ́fù-pọ́fù tiwa, ìyá àgbà náà sì ra mẹ́rin, ó fún mi ní méjì. Kí n tó dìde, ó fi ìka kan igi náà, ó ní "lókò." Mo ní "ìrókò." Ó tún un sọ lẹ́yìn mi, mo tún tirẹ̀ sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ sí Ajara, tí kò jìnnà sí ìlú, nítorí mo ti gbọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ sísun wọn kò lẹ́gbẹ́, àti pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ìlù. N kò béèrè ọjọ́ ọjà. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà Ajara, mo sì dé bá àwọn àtíbàbà tó ṣófo, ewúrẹ́ méjì tó sùn sórí pákó, àti ewé àkàsà gbígbẹ tí atẹ́gùn ń gbá kiri. Agbẹ́lù kan tó jókòó níwájú ilé rẹ̀ sọ fún mi pé ìjẹta ni wọ́n ná an, ọ̀túnla ni wọn yóò sì tún ná an. Èmi sì gbọ́dọ̀ padà sílé lọ́la. Ó dùn mí gidigidi, ó sì hàn lójú mi, nítorí ọkùnrin náà fi igi ìlù tó ń gbẹ́ sílẹ̀, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ọjà, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń sun ẹlẹ́dẹ̀ yálà ọjọ́ ọjà ni tàbí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Awọ ẹran náà ń ta bí ẹní ń ya igi gbígbẹ, ọ̀rá rẹ̀ ń kán sórí èédú, ata gígún àti àlùbọ́sà ni wọ́n fi sí i pẹ̀lú àkàsà. A jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Agbẹ́lù náà sọ fún mi pé bí ọjà bá kún, ènìyàn kì í rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí níbi tí a dúró sí yẹn.

Lójú ọ̀nà àbọ̀, mo yà sí Songhaï ní ọ̀nà Ouando, ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Godfrey Nzamujo, àlùfáà tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Mo mu omi èso tí wọ́n fún níbẹ̀, mo rí bí wọ́n ṣe ń fi ìdọ̀tí ẹran ọ̀sìn ṣe gáàsì ìdáná, mo sì pinnu pé ibẹ̀ yẹ fún ìrìn àjò tirẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, mo tún jókòó sórí àga ìyá alákàrà. Lọ́tẹ̀ yìí n kò béèrè iye. Ó rí àpò lọ́wọ́ mi, ó ní, "O ń lọ nìyẹn." Mo ní kí ó di àkàsà mẹ́wàá fún mi, pé fún ìyá mi ni. Ó béèrè bóyá ìyá mi ń sẹ́ ògì fúnra rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó da àwọn tó ti kà sọ́wọ́ padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó wá fi sùúrù ṣa mẹ́wàá mìíràn láti ìsàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn ewé, ó sì dì wọ́n sínú aṣọ inura kan tí kò gbà kí n san owó rẹ̀.

Alẹ́ ti lẹ́ kí n tó dé Pópó Àgùdà. Ìyá mi kò tíì sùn. Ó kí mi káàbọ̀, ó gba ìdì náà lọ́wọ́ mi, ó jókòó síbi iná, ó sì tú ewé kan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó bù ú kan ẹnu, ó dákẹ́, ó tún bù ú.

"Ta ló sẹ́ ògì yìí?"

Mo ní ìyá kan tó ń dín àkàrà nítòsí ọjà ńlá ni.

"Ó kúnná," ni ìyá mi wí. Ó tú ewé kejì. "Ẹni ọdún mélòó ni?"